Píkọ́ọ̀pù la ó yí ni, àbí wáyà? Gìtá iná tó ń dún tín-ín-rín ní ipò 2 àti 4

OkùnKẹta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onígìtá. Irú Stratocaster ni gìtá yìí: píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan (òòfà tí wáyà ká mọ́ lábẹ́ okùn, tó ń sọ mímì okùn di iná) mẹ́ta, swíìṣì onípò 5, vọ́líọ̀mù 1, tóònù 2. Wọ́n ti yọ píkọ́ọ̀pù àárín, wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i. Ipò 1 (bíríìjì), 3 (àárín) àti 5 (ọrùn) dára. Ṣùgbọ́n ní ipò 2 àti 4, níbi tí píkọ́ọ̀pù méjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀, béèsì ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹnì kan ní kí n tú píkọ́ọ̀pù àárín, kí n yí orí rẹ̀ sí ìdí. Ẹlòmíràn ní wáyà ni. Èwo ni ká ṣe?

Ìbéèrè kejì: píkọ́ọ̀pù bíríìjì tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan yẹn, tí a bá mú kó fì sí òdì kejì, kí ló máa yí padà nínú ohùn?

Alágbẹ̀dẹWáyà

Wáyà ni, tàbí òòfà. Kì í ṣe orí àti ìdí. Píkọ́ọ̀pù tí ẹ bá yí po lórí pákó gìtá dà bí àwo ọbẹ̀ tí ẹ yí po lórí tábìlì: ẹnu àwo ṣì kọjú sókè. Ojú òòfà tó ń wo okùn kò yí padà, ìhà tí wáyà gbà ká kò yí padà, nítorí náà iná tó ń jáde níbẹ̀ ò lè yí.

Nǹkan méjì péré ló ń sọ bóyá píkọ́ọ̀pù méjì máa bára mu. Èkíní ni ojú òòfà tó kọjú sí okùn, bóyá àríwá ni tàbí gúúsù. Èkejì ni ìhà tí wáyà gbà ká, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wáyà tí a fi ṣe iná (èyí tí ohùn ń gbà jáde) àti èyí tí a fi ṣe éètì. Tí okùn bá mì, ó yẹ kí píkọ́ọ̀pù méjèèjì jọ tì, kí wọ́n sì jọ fà. Bí ọ̀kan bá ń tì nígbà tí èkejì ń fà, wọ́n á máa pa ohùn ara wọn. Béèsì ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ló jọra jù lọ lójú àwọn méjèèjì. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra, òun ni ohùn imú tí ẹ ń gbọ́ yẹn.

Ibi tó dùn mọ́ni jù rèé: ariwo tó ń kùn láti ara iná ilé ò mọ òòfà. Kọ́ìlì nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí etí fi lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín kí ẹ tó tú nǹkan kan:

Bí òòfà méjèèjì bá bára mu, tí ìkáwáyà náà bára mu, ohùn á kún, ariwo á ṣì máa kùn. Bí wáyà nìkan bá yí, ohùn á tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kíkùn á dákẹ́. Bí òòfà nìkan bá yí, ohùn á tín-ín-rín, kíkùn á sì wà síbẹ̀. Òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí méjèèjì bá yí pọ̀, ohùn á kún, kíkùn á dákẹ́. Ìkẹrin yìí ni àwọn tó ń ta píkọ́ọ̀pù ń pè ní RWRP (reverse wound, reverse polarity: ìkáwáyà yí, òòfà yí), òun la sì ń wá fún píkọ́ọ̀pù àárín.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Ẹ ṣí áńpù sókè díẹ̀, ẹ má ta okùn kankan. Ṣé kíkùn náà dínkù ní ipò 2 ju ti ipò 3 lọ, àbí bákan náà ni?

OkùnKẹta

Bákan náà ni. Kò dínkù rárá.

Alágbẹ̀dẹWáyà

Orí yín sunwọ̀n. Òòfà àárín ti yàtọ̀ sí ti àwọn méjì tó kù, wáyà nìkan ni kò tíì yí. Ó jọ pé RWRP ni wọ́n rà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń ka iná àti éètì ní òdìkejì ti àwọn tó ṣe méjì yòókù. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì, ohùn á kún, kíkùn á sì lọ ní ipò 2 àti 4.

Ẹ dẹ okùn, ẹ tú ìdè pickguard, ike pẹlẹbẹ ojú gìtá tí píkọ́ọ̀pù so mọ́ (ìdè 11 ló sábà máa ń jẹ́), ẹ dojú rẹ̀ dé lórí aṣọ. Ẹ tọ wáyà méjèèjì píkọ́ọ̀pù àárín lọ: ọ̀kan lọ sí ẹsẹ̀ swíìṣì, èkejì lọ sí ẹ̀yìn vọ́líọ̀mù, níbi tí gbogbo éètì ti pàdé. Ẹ yọ méjèèjì, ẹ pààrọ̀ wọn. Ayọ́ọ̀nù 40 W tó. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó tín-ín-rín, nǹkan bí 0.8 mm, ló dára, torí ó ní fílọ́ọ̀sì (oje tó ń jẹ́ kó mú) nínú. Ẹ má gbé ayọ́ọ̀nù sórí ẹsẹ̀ swíìṣì ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ, ike inú rẹ̀ á yọ́, irin á sì máa mì. Ẹ̀yìn vọ́líọ̀mù ló ń gba ooru púpọ̀. Ẹ fi sáńpépà họ ọ́ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì sí i kó tàn, kí ẹ tó gbé wáyà lé e. Lẹ́ẹ̀dì tó dúró bíi kóro, tó funfun kú, kò mú nìyẹn. Bí ẹ bá fà á díẹ̀, á ṣí.

Àkíyèsí kan: tí píkọ́ọ̀pù bá ní ìdérí irin, ẹ wò ó bóyá ìdérí náà so mọ́ ẹsẹ̀ wáyà éètì. Bí ó bá so mọ́ ọn, tí ẹ kàn pààrọ̀ wáyà, ìdérí á di iná, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kàn án, á kígbe. Ẹ gé ìsopọ̀ kékeré náà, ẹ fún ìdérí ní wáyà éètì tirẹ̀. Ìyọnu kan náà wà lára píkọ́ọ̀pù ọrùn Telecaster (irú gìtá Fender mìíràn), àti lára píkọ́ọ̀pù bíríìjì rẹ̀ tó ní pátákó irin nísàlẹ̀.

Sọ́dàDídán

Ẹni tí kò fẹ́ gbára lé etí, tẹ́sítà ń bẹ. Ẹ gbé e sí DC, ibi 200 mV. Ẹ fi wáyà pupa tẹ́sítà mú ẹsẹ̀ iná píkọ́ọ̀pù, kí dúdú mú éètì. Ẹ gbé irin sikirudíráfà lé orí àwọn òpó òòfà, ẹ jẹ́ kó farabalẹ̀, kí ẹ wá fà á kúrò kíá. Nọ́ńbà á fò: yálà sí òkè òdo tàbí sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àmì òdì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo píkọ́ọ̀pù. Èyí tó bá fò sí ìhà kejì ni kò bá àwọn yòókù mu. Tẹ́sítà alábẹ́rẹ́ ti àtijọ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí ojú ń rí i bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tapo. Ti nọ́ńbà a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó dá yín lójú.

Fún ojú òòfà, kọ́ńpáàsì kékeré tó, kódà ti inú fóònù lè jẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ òpó, ẹ wo orí abẹ́rẹ́ tó fà. Kò pọn dandan kí ẹ mọ èyí tó ń jẹ́ àríwá. Bóyá ó jọ ti àwọn tó kù tàbí kò jọ ọ́ la fẹ́ mọ̀.

Ẹni tó bá rí i pé òòfà òun ló yẹ kó yí, kó kọ́kọ́ wo irú píkọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, òpó irin lásán ló wà lókè, òòfà dúdú pẹlẹbẹ kan tàbí méjì ló lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ lè rọra fi ọ̀bẹ yọ òun, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tún un lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òpó fúnra rẹ̀ bá jẹ́ òòfà alnico, ẹ má tì í jáde! Wáyà ká tààrà mọ́ ọn lára nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà yẹn sì tín ju irun lọ, nǹkan bí 0.063 mm. Bí òpó bá ṣe ń yọ ló ń gé e. Ó ju 7,500 ìká lọ nínú píkọ́ọ̀pù Stratocaster kan. Ẹ ò ní rí ibi tó ti gé.

ÀdùkẹOnígìtá

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, torí kò ní wáyà nínú rárá. Ibi tí píkọ́ọ̀pù jókòó sí lábẹ́ okùn ló ń sọ ohun tó máa gbọ́. Okùn Stratocaster gùn ní 648 mm láti nọ́ọ̀tì (ibi tí okùn gbé jókòó ní òkè ọrùn gìtá) dé bíríìjì. Píkọ́ọ̀pù ọrùn wà ní nǹkan bí 162 mm sí bíríìjì, ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn okùn. Ti bíríìjì wà ní nǹkan bí 41 mm. Okùn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kì í lè mì nítòsí ibi tí wọ́n so ó mọ́. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ohùn ìpìlẹ̀ tí píkọ́ọ̀pù ọrùn ń gbọ́ lára okùn tí a kò tẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 3.5 ju èyí tí ti bíríìjì ń gbọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ti bíríìjì fi ń dún gooro tí kò sanra, òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń ká wáyà púpọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń gbé e sún mọ́ okùn ju ti ọrùn lọ.

Ibi ìdá mẹ́rin yẹn tún ní ohun kan nínú: hàmónìkì kẹrin okùn (ọ̀kan nínú àwọn ohùn kéékèèké tó ń gun orí ohùn ìpìlẹ̀) kì í mì níbẹ̀ rárá, píkọ́ọ̀pù ọrùn ò lè gbọ́ ọ lára okùn tí a kò tẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ fírẹ́ẹ̀tì, okùn kúrú, ibẹ̀ sì ṣí lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìtàn pé gìtá onífírẹ́ẹ̀tì 24 ò lè ní ohùn ọrùn tó dára nítorí ibi ìdákẹ́ náà. Ohun tó ń yí padà lára ti onífírẹ́ẹ̀tì 24 ni pé píkọ́ọ̀pù ọrùn ti sún díẹ̀ sí bíríìjì, ìyẹn ló ń mú kí ohùn rẹ̀ túbọ̀ mú.

Wàyí o, fífì náà. Lára Stratocaster, ẹ̀gbẹ́ okùn tín-ín-rín sún mọ́ bíríìjì ju ẹ̀gbẹ́ okùn nípọn lọ, ìyàtọ̀ náà tó sẹ̀ǹtímítà kan. Okùn kìn-ín-ní ń dún gooro, okùn kẹfà ṣì ní ara díẹ̀. Tí ẹ bá mú kó fì sí òdì kejì, okùn 6 àti 5 á le, wọn ò ní máa dún wúruwùru tí ẹ bá fi dístọ́ṣọ̀n sí i. Okùn 1 àti 2 á sanra, wọn ò ní máa gún etí. Jimi Hendrix, ọlọ́wọ́ òsì tó ń dojú gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún dé, bẹ́ẹ̀ ni gìtá tirẹ̀ ṣe wà, kì í ṣe pé ó tú nǹkan kan. Lójú tèmi, fún ẹni tó ń ṣe lead tó mọ́ tónítóní, fífì òdì yìí tọ́ sí i ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, torí okùn kìn-ín-ní ní ipò 1 a máa mú jù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá yọ píkọ́ọ̀pù náà, tí ẹ yí orí rẹ̀ sí ìdí, tí ẹ tún un fi sí ihò kan náà, fífì rẹ̀ ò yí padà. Ihò ló fì. Pickguard tí wọ́n gé ihò rẹ̀ sí òdì lẹ máa rà, kí ẹ sì wò ó bóyá pákó abẹ́ rẹ̀ gbẹ́ tó. Gìtá tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ gbalasa kò ní wàhálà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì kún un.

Yíyí orí sí ìdí náà ní ìpalára kan tí wọn kì í sọ. Àwọn òpó òòfà píkọ́ọ̀pù irú ti àtijọ́ kò ga dọ́gba. Èyí tó wà lábẹ́ okùn 2 ló kúrú jù, ti okùn 3 ga. Bí ẹ bá yí i po, òpó kúkúrú á bọ́ sábẹ́ okùn 5, okùn yẹn á sì dákẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí òpó rẹ̀ dọ́gba kò ní ìṣòro yìí.

BéèsìÌbàdàn

Ẹ̀yin tó ní humbucker (píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì méjì), yíyí orí sí ìdí ní ìtumọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bí kọ́ìlì méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan tó pọ̀. Ìgbà tí ẹ bá pa kọ́ìlì kan lẹ máa gbọ́ ọ, nítorí kọ́ìlì tó kù lè jẹ́ èyí tó sún mọ́ bíríìjì tàbí èyí tó jìnnà sí i.

Ìdí tí humbucker fi ń dún rọ̀: Seth Lover tó ṣe é fún Gibson lọ́dún 1955 fẹ́ pa kíkùn ni. Kọ́ìlì méjì, òòfà wọn lòdì síra, ìkáwáyà wọn lòdì síra, gẹ́gẹ́ bí Alágbẹ̀dẹWáyà ti sọ. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni wọ́n ti ń gbọ́ okùn, nǹkan bí 18 mm ló wà láàárín wọn. Lára okùn kẹfà, ìyẹn ń pa ohùn tó wà ní nǹkan bí 3 kHz. Lára okùn kìn-ín-ní, nǹkan bí 12 kHz ló ń pa, sípíkà gìtá ò sì lè sọ ìyẹn jáde. Nítorí náà okùn nípọn ni humbucker ń mú rọ̀ jù, kì í ṣe gbogbo okùn bákan náà.

Àwọ̀ wáyà: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ láìmọ ilé-iṣẹ́. Seymour Duncan: dúdú ni iná, funfun àti pupa la so pọ̀, àwọ̀ ewé pẹ̀lú wáyà tó wà níhòòhò lọ sí éètì. DiMarzio: pupa ni iná, dúdú àti funfun la so pọ̀, àwọ̀ ewé ni éètì. Ẹ rí i pé dúdú jẹ́ iná níbì kan, ó jẹ́ ìsopọ̀ níbòmíràn. Ẹ dà wọ́n pọ̀ nínú gìtá kan, ohùn imú lẹ máa rí.

Láti pa kọ́ìlì kan, ẹ mú ibi ìsopọ̀ yẹn lọ sí éètì nípasẹ̀ swíìṣì push-pull (èyí tí a ń fà sókè, tí a ń tì sísàlẹ̀). Pẹ̀lú Duncan, kọ́ìlì tó wà láàárín dúdú àti funfun ló máa kù. Bí ẹ bá ní humbucker méjì tí ẹ fẹ́ pín méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fi kọ́ìlì onísíkírúù sílẹ̀, kí èkejì fi kọ́ìlì aláìnísíkírúù sílẹ̀. Ìgbà náà ni kíkùn á dákẹ́ tí ẹ bá fi méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi kọ́ìlì onísíkírúù méjì sílẹ̀, wọ́n á wá máa bú píkọ́ọ̀pù.

Humbucker tó ní wáyà kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọ̀n irin lára, ẹ ò lè pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí àwọ̀n náà á di iná. Òòfà ni kí ẹ yí. Ẹ tú ìdè mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ má tú u tán. Ẹ sàmì sí etí òòfà tó kọjú sí síkírúù, ẹ fà á jáde, ẹ tún un tì wọlé kí etí tí ẹ sàmì sí wá kọjú sí kọ́ìlì kejì. Bí gìtá Gibson Les Paul ti Peter Green, onígìtá Fleetwood Mac, ṣe ń dún ní ipò àárín nìyẹn, òòfà ọrùn tó lòdì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ohùn imú náà mọ̀ọ́mọ̀, ó ní àyè tirẹ̀. Ẹ kàn dín vọ́líọ̀mù píkọ́ọ̀pù kan kù sí 7 tàbí 8, béèsì á padà wá díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́nọ̀Gìtá

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti series àti parallel, ohùn tó pọ̀ jù sì wà níbẹ̀. Ipò 2 àti 4 jẹ́ parallel: píkọ́ọ̀pù méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ iná pàdé iná, éètì pàdé éètì. Ohùn á mọ́, á fúyẹ́, á dín díẹ̀. Series ni kí éètì èkíní wọ inú iná èkejì, kí ohùn ọ̀kan gun orí ti ìkejì. Á pariwo sí i, àárín ohùn á sanra, òkè á rọ̀.

Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Humbucker tó jẹ́ 8 kΩ ní series á di 2 kΩ tí ẹ bá sọ ọ́ di parallel. Inductance rẹ̀ (ìwọ̀n bí kọ́ìlì ṣe ń dí ohùn òkè lọ́wọ́) tó wà ní nǹkan bí 4.4 H á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 1.1 H. Pẹ̀lú kébù mítà 5, góńgó ibi tí ohùn ti ń ta jù á kúrò ní nǹkan bí 3.1 kHz lọ sí 6.2 kHz. Ẹni tó ń wá ohùn gooro lára humbucker tí kò fẹ́ kíkùn, parallel ni kó ṣe dípò kó pa kọ́ìlì kan. Ó yà mí lẹ́nu pé pípa kọ́ìlì ló gbajúmọ̀, nígbà tó jẹ́ pé swíìṣì push-pull ẹlẹ́sẹ̀ 6 kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Kébù náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Mítà kan kébù lè ní nǹkan bí 100 pF. Píkọ́ọ̀pù Stratocaster 2.4 H pẹ̀lú kébù mítà 5, góńgó rẹ̀ wà ní nǹkan bí 4.2 kHz. Ẹ fi mítà 10 sí i, ó di 3.1 kHz. Kí ẹ tó ra píkọ́ọ̀pù tuntun nítorí pé ohùn kú, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kébù gígùn yẹn.

Fún jùjú, níbi tí gìtá mẹ́ta, mẹ́rin ti ń hun ara wọn, ipò 2 àti 4 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè. Kò sanra, kò ní jókòó lé orí gìtá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tàbí kó bo gángan mọ́lẹ̀. Stratocaster tó jáde lọ́dún 1954, swíìṣì onípò 3 ló ní. Àwọn onígìtá ló ń fi ọgbọ́n há a sí àárín kí wọ́n lè rí ohùn yìí, títí Fender fi fi onípò 5 sí i lọ́dún 1977.

Sọ́dàDídán

Vọ́líọ̀mù àti tóònù: 250k fún oníkọ́ìlì kan, 500k fún humbucker. Nọ́ńbà kékeré ń tẹ góńgó ohùn náà mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ńlá ń jẹ́ kó yọ. Ẹ fi 500k sára oníkọ́ìlì kan, á gún etí. Ẹ fi 250k sára humbucker, á dàbí pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Gìtá tó ní humbucker ní bíríìjì àti oníkọ́ìlì kan méjì: ẹ fi 500k sí i, kí ẹ wá so rẹsísítọ̀ 470k láti ẹsẹ̀ iná àwọn oníkọ́ìlì kan lọ sí éètì, nídìí swíìṣì. Àwọn á máa rí nǹkan bí 242k, humbucker á máa rí 500k tirẹ̀. Ẹ fi tẹ́sítà wọn vọ́líọ̀mù kí ẹ tó rà á, torí èyí tí wọ́n kọ 250k sí lára lè jẹ́ 200k tàbí 300k.

Kàpásítọ̀ tóònù: 47 nF (wọ́n kọ 473 sí i) tàbí 22 nF (223).

BéèsìÌbàdàn

Kí ẹ sì wá kàpásítọ̀ olóròóró ti àtijọ́, òun ló ní ohùn.

Sọ́dàDídán

Ẹ̀gbọ́n, rárá o. Bí iye nF wọn bá dọ́gba, etí ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ níbi tóònù gìtá. Ohun tó ń tan ni jẹ ni pé ti àtijọ́ ti máa ń kúrò ní iye tó wà lára rẹ̀. Kódà, bí tóònù bá wà ní 10, 22 àti 47 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ìgbà tí ẹ bá yí i sísàlẹ̀ ni 47 ń jẹ́ kó dúdú jù. Ti 50 V olówó pọ́ọ́kú ní Alábà ti tó.

Owó yẹn, ẹ fi ra kàpásítọ̀ 1 nF (102) àti rẹsísítọ̀ 150k. Ẹ so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọ vọ́líọ̀mù sí ẹsẹ̀ àárín. Ìgbà tí ẹ bá dín vọ́líọ̀mù kù láàárín orin, ohùn ò ní máa ṣú.

OkùnKẹta

Mo ti pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Ohùn ti kún ní ipò 2 àti 4, kíkùn sì ti lọ níbẹ̀! Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ní 1, 3, 5, tí a bá fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ń kùn. Ṣé tépù kọ́pà máa pa á?

Alágbẹ̀dẹWáyà

Irú ariwo méjì ló wà. Ẹ yí ara yín po pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Bí kíkùn bá ń pọ̀ tó ń dín bí ẹ ṣe ń yí, afẹ́fẹ́ òòfà láti ara tiransifọ́mà ni, kùn-ùn-ùn jẹ́jẹ́ ti 50 Hz. Tépù kọ́pà ò lè dí i. Ẹ jìnnà sí áńpù àti inverter, tàbí kí ẹ lo ipò 2 àti 4. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ṣíì-ṣíì gbígbóná tó ń dínkù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ìyẹn ni tépù kọ́pà ń pa. Ẹ fi bo gbogbo inú ihò pákó àti ẹ̀yìn pickguard, kí ẹ̀gbẹ́ tépù kan máa gun orí èkejì, kí gbogbo rẹ̀ kan éètì níbì kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi tẹ́sítà wò ó láti igun kan dé ìkejì: kó sún mọ́ 0 Ω. Gọ́ọ̀mù abẹ́ tépù mìíràn kì í gbé iná, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ so wọ́n.

Bí fífọwọ́ kan okùn bá ń mú kí ariwo pọ̀ sí i, ẹ wo jáàkì: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé iná àti éètì lòdì. Imú kébù ni iná, ara rẹ̀ ni éètì. Bí fífọwọ́ kan okùn kò bá yí nǹkan kan padà, wáyà éètì tó lọ sí bíríìjì ti gé.

Bí okùn àti máíkì bá gbá yín ní iná nígbà tí ẹ fi ẹnu kàn án, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Éètì jẹnẹrétọ̀ tàbí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, oníná ló máa tún un ṣe. Ẹ má gé ẹsẹ̀ éètì lára púlọ́ọ̀gì áńpù nítorí àtipa ariwo. Ó ti pa èèyàn.

ÀdùkẹOnígìtá

Kí ẹ tó parí rẹ̀, ẹ wo gíga píkọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, ẹ wọn láti orí òpó dé abẹ́ okùn: oníkọ́ìlì kan, 2.4 mm ní ẹ̀gbẹ́ okùn 6, 2 mm ní ẹ̀gbẹ́ okùn 1. Humbucker lè dé 1.6 mm. Òòfà alnico tó sún mọ́ okùn jù ń fà á. Okùn 6 á máa gbọ̀n bí ẹni pé ohùn méjì ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lókè fírẹ́ẹ̀tì 12, kò sì ní gba ìtúnṣe kankan. Àwọn kan á máa yí bíríìjì títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ píkọ́ọ̀pù ọrùn ló ga jù.

Sọ́dàDídán

Kí ẹ tó de pickguard padà, ẹ ki kébù bọ jáàkì, ẹ gbé tẹ́sítà sí Ω, ẹ fi mú imú àti ara orí kébù kejì. Vọ́líọ̀mù ní 10. Bí píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 6 kΩ, ipò 1, 3 àti 5 á fi nǹkan bí 5.9 hàn, ipò 2 àti 4 á fi nǹkan bí 3 hàn. Bí ẹ bá rí 0, nǹkan kan ti kan éètì, tépù kọ́pà ló sábà máa ń jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Bí ẹ bá rí 250k, wáyà kan ti já tàbí lẹ́ẹ̀dì ò mú. Bí 2 tàbí 4 bá fi 5.9 hàn dípò 3, píkọ́ọ̀pù kan nínú méjèèjì kò wọlé, ẹ wo ẹsẹ̀ swíìṣì rẹ̀.